ÌBỌN NÍGBÀ ÀJÁLÙ: Ìtàn Ìlú New Orleans àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Kọ́ Wa

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní: ìbọn lápátí, kò lápátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú ìbọn sí òun? Bí ìlú bá wà ní àlàáfíà, tí ọlọ́pàá wà ní àgọ́ rẹ̀, tí adájọ́ sì jókòó sí ilé ẹjọ́, kò ṣòro púpọ̀ láti mọ ẹni tí ó yẹ kí ó mú ìbọn dání. Ṣùgbọ́n bí omi bá gba ìlú, tí iná kú, tí ọ̀nà dí, tí a kò rí ọlọ́pàá pè, tí ebi sì ń pa ọmọdé àti àgbà, kí ni kí a ṣe sí ọ̀rọ̀ ìbọn? Ṣé kí ìjọba gbà á lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn ni, tàbí kí ó jẹ́ kí olúkúlùkù fi ṣọ́ ilé ara rẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé àti lẹ́yìn odi, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àlejò lásán. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ti fi Texas, Florida, Georgia àti Louisiana ṣe ibùgbé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kọkànlá ọdọọdún ni ìjì líle máa ń ti orí òkun wá bá àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó tọ́ kí a sọ ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní New Orleans ní ọdún 2005, àti àwọn nǹkan tí ó ṣáájú rẹ̀, kí a lè mú ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

ÌPILẸ̀ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Ní ọdún 1791 ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi àtúnṣe mẹ́wàá kún òfin ìpilẹ̀ wọn. Èkejì nínú wọn ni ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú láti ní ohun ìjà àti láti mú un dání. Ó pẹ́ tí àwọn amòfin ti ń jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ ológun ìpínlẹ̀ ni a torí rẹ̀ ṣe òfin náà; àwọn mìíràn ní ẹ̀tọ́ olúkúlùkù ni. Ọdún 2008 ni ilé ẹjọ́ wọn tí ó ga jù lọ tó là á mọ́lẹ̀ pé ẹ̀tọ́ olúkúlùkù ni. Ní ọdún 2010, ó tún sọ pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìlú pẹ̀lú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọdún méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí pé ìjì tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ti jà kí wọ́n tó dé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin náà wí pé “àwọn ará ìlú”, lójú ọ̀pọ̀ aláṣẹ ayé ìgbà náà, ènìyàn dúdú kò sí nínú wọn. Àwọn ẹ̀yà tiwa náà wà lára àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Louisiana. Orúkọ Nàgó, tí a fi ń pe Yorùbá, wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ẹrú ibẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní ọdún 1865, tí àwọn ẹrú sì di òmìnira, ìlú Opelousas ní Louisiana ṣe òfin ní ọdún kan náà pé ẹni tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú kò gbọdọ̀ gbé ìbọn láàárín ìlú, àfi bí ọ̀gá rẹ̀ bá kọ ìwé fún un, tí olórí ìlú sì fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1873, ní ìlú Colfax, ní Louisiana kan náà, àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n dìhámọ́ra pa ó kéré tán 60 ènìyàn dúdú, ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti túúbá. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ọdún 1876. Ilé ẹjọ́ ní ìjọba àpapọ̀ nìkan ni àtúnṣe kejì yẹn dè, a sì dá àwọn tí a ti dá lẹ́bi tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Láti ìpilẹ̀ wá, nígbà náà, ìbéèrè méjì ni ó so mọ́ra: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti mú ìbọn, àti ta ni a lè yìnbọn sí láìsí ìyà.

ÀJÁLÙ MÉJÌ TÍ Ó ṢÁÁJÚ

Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1906, ilẹ̀ mì tìtì ní ìlú San Francisco, ní California. Iná tẹ̀ lé e, ó sì jó fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Nǹkan bí 3,000 ènìyàn ni ó ṣègbé. Ó ju ìdajì àwọn ará ìlú lọ tí wọ́n di aláìnílé. Lọ́jọ́ náà gan-an ni olórí ìlú, Eugene Schmitz, kéde pé kí ọmọ ogun àti ọlọ́pàá pa ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bá nídìí olè. Olórí ìlú kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹni tí ń tú àwókù ilé ara rẹ̀ láti wá ẹrù ara rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí olè lójú ọmọ ogun tí kò mọ ará ìlú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ará ìlú tí wọ́n gbé ìbọn pa ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún ìlú náà, bẹ́ẹ̀ ni àsíá Red Cross wà lára ọkọ̀ tí ó wọ̀.

Èkejì ni ìkún omi odò Mississippi ní ọdún 1927. Àwọn ará ibẹ̀ a máa mọ odi amọ̀ gíga sí etí odò náà kí omi má bàa wọ oko àti ilé. Nígbà tí odò kún, olúkúlùkù ń bẹ̀rù pé àwọn ará òdìkejì lè wá dá odi tiwọn lu, kí omi lè gba ọ̀dọ̀ wọn lọ. Àwọn ọkùnrin gbé ìbọn, wọ́n ń ṣọ́ odi tọ̀sán tòru. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin, àwọn aláṣẹ fi àdó olóró fọ́ odi ní Caernarvon, kí omi lè ya sí St. Bernard àti Plaquemines, kí New Orleans lè bọ́. Ní Greenville, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, a kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dúdú sórí odi amọ̀ tí omi yí ká. Àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ gbé ìbọn ṣọ́ wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ gba ìwé, a sì ń fi ipá mú wọn ru ẹrù. Ìbọn tí a sọ pé ó wà fún ààbò wọn ni a fi sọ wọ́n di ẹlẹ́wọ̀n.

ÌJÌ KATRINA

Ìlú New Orleans dà bí àwo. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Adágún ńlá wà ní àríwá rẹ̀, odò Mississippi sì la inú rẹ̀ kọjá. Odi ni kì í jẹ́ kí omi wọlé. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2005, olórí ìlú, Ray Nagin, pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn kúrò nílùú nítorí ìjì tí ń bọ̀. Ẹni tí ó ní mọ́tò lọ. Ọ̀pọ̀ tálákà, arúgbó àti aláìsàn kò rí bí wọ́n ṣe lè lọ. Ní ọjọ́ kejì, tíí ṣe ọjọ́ Ajé, ìjì náà dé. Odi ya ní ibi púpọ̀, omi sì bo nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú. Nígbà tí a ka òkú káàkiri gbogbo ilẹ̀ tí ìjì náà dé, wọ́n ju 1,300 lọ.

Iná kú, tẹlifóònù kú. Apá kan nínú àwọn ọlọ́pàá pa iṣẹ́ tì. Àwọn kan fọ́ ṣọ́ọ̀bù láti wá omi àti oúnjẹ, àwọn mìíràn sì kó ohun tí kì í ṣe oúnjẹ. Ẹni tí ó jókòó sí àjà ilé rẹ̀ ní òru, tí kò rí ẹnikẹ́ni ké sí, bí ó bá ní ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a kò lè sọ pé kò ní ìdí.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àhesọ wá gba ìlú. Pápá ìṣeré ńlá kan wà tí à ń pè ní Superdome. Ibẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sá sí. Wọ́n ní wọ́n ń pa ènìyàn níbẹ̀ bí ẹní ń pa adìẹ. Wọ́n ní òkú ti di òkìtì. Àwọn aláṣẹ pàápàá tún un sọ lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ayé sì gbọ́. Nígbà tí a wá ka òkú inú pápá náà, mẹ́fà ni a bá, kò sì sí èyí tí ẹlòmíràn pa nínú wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ ṣe, ó ti ṣe é tán.

BÍ WỌ́N ṢE GBA ÌBỌN

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, nígbà tí omi ti ń fà, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú, Eddie Compass, kéde pé agbófinró nìkan ni yóò máa mú ìbọn dání ní New Orleans, a ó sì gba ti ẹnikẹ́ni mìíràn. Ọlọ́pàá àti àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ ń wọ ilé dé ilé. Wọn kò béèrè bóyá ènìyàn ní ìwé àṣẹ tàbí kò ní; wọn kò sì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí ohun tí wọ́n gbà. Ìyá àgbà kan wà tí ó ní òun kò ní kúrò nílé òun. Ó ní ìbọn kékeré kan lọ́wọ́. Àwọn agbófinró bì í lulẹ̀ ní ìdáná rẹ̀, a sì rí i lórí tẹlifíṣọ̀n káàkiri.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a fiyè sí. Lásìkò kan náà, àwọn ọlọ́rọ̀ àti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀ṣọ́ aládàáni, wọ́n gbé ìbọn ńlá, wọ́n ń rìn ní ìgboro. Àṣẹ náà kò kàn wọ́n. Ẹni tí ó lówó láti háyà ìbọn ẹlòmíràn ní ààbò. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra ìbọn ìléwọ́ kan kò ní.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, ẹgbẹ́ méjì tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn oníbọn, National Rifle Association àti Second Amendment Foundation, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Ní ọjọ́ kejì, Adájọ́ Jay Zainey pàṣẹ pé kí a dáwọ́ gbígba ìbọn dúró. Àwọn aláṣẹ ìlú kọ́kọ́ ní àwọn kò gba ìbọn kankan. Ní oṣù kẹta ọdún 2006 ni wọ́n tó jẹ́wọ́ pé ìbọn tí ó ju 1,000 lọ wà lọ́dọ̀ àwọn. Ọ̀pọ̀ ti dípẹtà. Nígbà tí ó tó àkókò láti dá wọn padà, a ní kí onílé mú ìwé wá tí yóò fi hàn pé òun ni ó ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni omi ti gbé ìwé pẹ̀lú ilé lọ. Oṣù kẹwàá ọdún 2008 ni wọ́n tó parí ẹjọ́ náà.

ÌHÀ KEJÌ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Ẹni tí ó bá dá ìtàn náà dúró síbí yìí kò sọ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ìbọn kì í yan ẹni tí yóò bà. Ìbẹ̀rù àti ọ̀rọ̀ àhesọ ni ó ń bá a yàn án.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ mẹ́rin kí ọ̀gá ọlọ́pàá tó ní agbófinró nìkan ni yóò máa mú ìbọn, àwọn ọlọ́pàá ìlú kan náà gbọ́ pé wọ́n ń yìnbọn sí ẹlẹgbẹ́ wọn ní afárá Danziger. Wọ́n sáré débẹ̀, wọ́n sì yìnbọn lu ènìyàn dúdú mẹ́fà tí kò ní ohun ìjà kankan. Méjì kú: ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 17, àti ọkùnrin ọmọ 40 ọdún tí làákàyè rẹ̀ kò pé. Lẹ́yìn náà, àwọn ọlọ́pàá gbé ìbọn kan kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí èké. A dá márùn-ún lẹ́bi ní ọdún 2011. A fagi lé ìdájọ́ náà ní 2013 nítorí ìwà àìtọ́ àwọn agbẹjọ́rò ìjọba. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016 ni àwọn fúnra wọn tó gbà pé àwọn jẹ̀bi. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ!

Ní Algiers Point, tí omi kò dé, àwọn aláwọ̀ funfun kan gé igi dí ojú ọ̀nà, wọ́n gbé ìbọn, wọ́n ní olè ni àwọn ń ṣọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, wọ́n yìnbọn lu àwọn ọkùnrin dúdú mẹ́ta tí ń lọ sí ibi tí ọkọ̀ ti ń kó ènìyàn kúrò nílùú. Ọdún 2019 ni a tó rán ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe é lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọlọ́pàá, ará ìlú ni wọ́n.

Nítorí náà, ẹni tí ó ní kí ìjọba gba gbogbo ìbọn, kí ó rántí Danziger, níbi tí ìjọba fúnra rẹ̀ ti ṣi ìbọn lò. Ẹni tí ó sì ní kí gbogbo ènìyàn mú ìbọn dání, kí ó rántí Algiers Point.

ÒFIN TÍ ÌJÌ NÁÀ BÍ

Ní ọdún 2006, ìpínlẹ̀ Louisiana ṣe òfin pé a kò gbọdọ̀ torí àjálù gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí ó ní in ní ọ̀nà tí ó bá òfin mu. Ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e. Sẹ́nétọ̀ David Vitter ti Louisiana gbé àbá wá. Àwọn aṣòfin àgbà 84 fọwọ́ sí i, 16 kọ̀ ọ́. Ààrẹ George W. Bush fi ọwọ́ sí òfin náà ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2006. Ó sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó wá ṣe ìrànlọ́wọ́ nígbà àjálù kò gbọdọ̀ gba ìbọn tí ó bá òfin mu. Ohun kan ni ó yọ sílẹ̀: bí ènìyàn bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ìgbàlà, a lè ní kí ó fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a ó sì dá a padà fún un lẹ́yìn náà. Ẹni tí a bá fi èyí dù lè pe ẹjọ́.

Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tún ṣe tiwọn. Ní North Carolina, yìnyín bo ìlú King ní ọdún 2010, àwọn aláṣẹ sì fi òfin de gbígbé ìbọn jáde. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ sọ ní ọdún 2012 pé irú òfin bẹ́ẹ̀ tàpá sí àtúnṣe kejì. Florida ṣe òfin ní ọdún 2015 pé bí a bá pàṣẹ kí ènìyàn kúrò nílùú, ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ lè mú ìbọn rẹ̀ dání fún wákàtí 48. Texas náà ṣe irú rẹ̀ ní 2019, fún ọjọ́ méje. Láti ìgbà náà, Texas ní 2021, Florida ní 2023 àti Louisiana ní 2024 ti gba àgbàlagbà tí òfin kò dè láàyè láti gbé ìbọn láìgba ìwé àṣẹ rárá. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tán: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, bí ìjì Irma ti ń bọ̀, gómìnà Virgin Islands, Kenneth Mapp, kọ àṣẹ tí ó fún àwọn ọmọ ogun láyè láti gba ìbọn àti ọta ará ìlú bí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ariwo sì ta.

Ẹ kíyè sí i: nípa gbígba ìbọn, ọdún kan péré ni òfin tuntun fi dé. Nípa àwọn tí a yìnbọn lù, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ìdájọ́ gbà.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Láti òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Fún ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ mú.

Èkíní: ẹ mọ òfin ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé kí ìjì tó dé. Ẹni tí ó fi ìwé ìrìnnà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àlejò wọ ìlú, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á láyè láti ní ìbọn, àfi ní ọ̀nà díẹ̀ bíi ti ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Àjálù kò yí èyí padà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ìbẹ̀rù òru kan ba ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ jẹ́.

Èkejì: ẹni tí ó ní ìbọn ní ọ̀nà ẹ̀tọ́, kí ó ṣe ẹ̀dà ìwé rẹ̀, kí ó fi pamọ́ sí ibi tí omi kò lè dé. Bí wọ́n bá ní kí ó fi sílẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ ìgbàlà, kí ó fi sílẹ̀, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀mí ṣe pàtàkì ju ìbọn lọ.

Ẹ̀kẹta: ẹ mọ aládùúgbò yín, kí òun náà mọ̀ yín. Ẹni tí ó dúró sí ìdí igi ní Algiers Point kò mọ orúkọ ẹni tí ń bọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó rí.

Nílé níbí ńkọ́? Òfin ìbọn Nàìjíríà, tí a ṣe ní ọdún 1959, ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ. Ìbọn àwọn ọdẹ wa pàápàá kò yọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà mọ ìkún omi: kò sí ará Ìbàdàn tí ó dàgbà tí yóò gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa ya. Bí irú rẹ̀ bá dé bá ìlú wa, àwọn ọdẹ ni a ó ké sí kí wọ́n ṣọ́ ilé àti ọjà. Ǹjẹ́ a mọ iye wọn? Ǹjẹ́ wọ́n ní ìwé àṣẹ? Ta ni yóò pàṣẹ fún wọn? Báwo ni wọn yóò ṣe mọ onílé tí ń wá ẹrù rẹ̀ yàtọ̀ sí olè? Ta ni yóò sì máa sọ òótọ́ ìròyìn fún ìlú, kí àhesọ má bàa gbilẹ̀? Mo rọ Ẹgbẹ́ wa kí ó bá Kábíyèsí, àwọn ìjòyè, olórí ọdẹ àti ọ̀gá ọlọ́pàá jókòó lórí ìbéèrè wọ̀nyí, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí a ráyè. Bí òjò bá ti ń rọ̀, kò sí ẹni tí yóò ráyè kọ ìwé.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí àjálù. Kí ó dá ẹ̀mí àwọn ọmọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi sí, kí ó sì fún ìlú wa ní ọgbọ́n àtiṣe ohun tí ó yẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmín.